Egungun Kì í Purọ́, Ènìyàn Ni Í Purọ́ Mọ́ Ọn

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí àrọ́bá pàápàá kò dé, ìgbà tí kò sí ìlú, tí kò sí ọba, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbin iṣu. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú àwọn tí ó gbé ayé nígbà náà, àti bí àwa àti wọn ti bá ara tan, agbárí àti eyín ni yóò bi léèrè. Ẹlẹ́rìí rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n onídàájọ́ tí ìgbéraga bá ti wọ̀ lọ́kàn yóò ṣi ẹjọ́ dá, bí ẹlẹ́rìí tilẹ̀ sọ òtítọ́.

Eyín ni ó le jù nínú ara. Nígbà tí egungun bá ti di erùpẹ̀, eyín a ṣì wà. Ìnàkí a máa ní eyín ṣóńṣó gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín iwájú, tiwa sì kúrú. Nísàlẹ̀ agbárí, ihò kan wà tí ọpọlọ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú egungun ẹ̀yìn. Lára ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ihò yìí sún síwájú, kí orí lè jókòó lé ọrùn bí igbá omi ti í jókòó lórí obìnrin tí ó ti odò bọ̀. Lára ìnàkí, ó sún sẹ́yìn. Irú àmì báwọ̀nyí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń kó jọ, wọn kì í gbára lé ẹyọ kan, nítorí ẹni méjì lè jọra ní imú láì jẹ́ ọmọ ìyá.

Ní ọdún 1912, Charles Dawson àti Arthur Smith Woodward gbé egungun kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ní a rí ní Piltdown, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agbárí rẹ̀ dàbí tiwa, àgbọ̀n rẹ̀ sì dàbí ti ìnàkí. Inú ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ dùn, nítorí wọ́n ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ tóbi kí ohun mìíràn tó yí padà. Ó sì tún dùn mọ́ wọn pé ilẹ̀ tiwọn ni a ti rí i.

Ní ọdún 1924, àwọn tí ń wa òkúta ẹfun ní Taung, ní Gúúsù Áfíríkà, rí agbárí ọmọ kékeré kan, ó sì dé ọwọ́ Raymond Dart, olùkọ́ ní Yunifásítì Witwatersrand. Ọpọlọ ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ti ìnàkí lọ, ṣùgbọ́n eyín ṣóńṣó rẹ̀ kéré, ihò ìsàlẹ̀ agbárí rẹ̀ sì sún síwájú. Ní oṣù kejì ọdún 1925, Dart kọ̀wé pé ó súnmọ́ ènìyàn ju ìnàkí alààyè kankan lọ. Arthur Keith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Kì í ṣe pé wọn kò ní àwíjàre kankan, nítorí ọmọ ìnàkí a máa jọ ènìyàn ju baba rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n egungun Piltdown ń dí wọn lójú.

Láti ọdún 1936 ni Robert Broom ti ń rí egungun àgbà irú ọmọ Taung ní Sterkfontein. Ní ọdún 1947, Keith fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé Dart ni ó jàre. Ní ọdún 1953, Weiner, Oakley àti Le Gros Clark yẹ ti Piltdown wò fínnífínní: àgbọ̀n ìnàkí ni a dà pọ̀ mọ́ agbárí ènìyàn, a ti fi irin ha eyín rẹ̀, a sì kùn ún kí ó lè dàbí ti àtijọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí lọ fún ọdún 41.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wa egungun ènìyàn ní Ihò Eléérú, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ó tó nǹkan bí ọdún 13,000, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù tí a tíì rí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbárí náà, wọ́n sì rí i pé ó gùn, ó sì rẹlẹ̀, ìrísí rẹ̀ súnmọ́ ti àwọn agbárí tí ó ti pẹ́ jù ú lọ jìnnà. Ẹlòmíràn lè fi èyí gbé wa ga, ẹlòmíràn lè fi rẹ̀ wá sílẹ̀. Àṣìṣe Piltdown ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Agbárí kan ni, ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé.

Ohun tí ó kù ni kí a rí òmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń wa kànga, tí ń lélẹ̀ ilé, tí ń fọ́ òkúta lẹ́bàá òkè, bí ẹ bá kan egungun tàbí eyín àtijọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, ẹ má ṣe gbé e kúrò níbi tí ó wà. Ẹ ránṣẹ́ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tàbí Yunifásítì Ìbàdàn. Ká ní àwọn òṣìṣẹ́ Taung da tiwọn nù ni, ta ni ì bá dá Dart láre?