Ọ̀rọ̀ Ìrànrán Kì Í Ṣe Ìjẹ́wọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a jọ ronú lórí ọ̀ràn kan tí ó lè dé sí ilé ẹnikẹ́ni, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́.

Ìyá àgbà kan ní àrùn jẹjẹrẹ. Dókítà ti sọ pé àrùn náà kò ní í san mọ́. Wọ́n ń fún ìyá ní oògùn tí ń pa ìrora, kí ara lè tù ú títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Lójijì, ní òru, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ó ń bá ẹni tí a kò rí jà. Ó ní òun ni òun pa ọmọ lágbájá. Kò mọ ọmọ tirẹ̀ mọ́.

Kí ni àwọn ènìyàn máa ń sọ? Àwọn kan á ní: «Àjẹ́ ni. Ó ti ń ká.» Àwọn mìíràn á ní: «Ikú ti dé. Ẹ fi í sílẹ̀.»

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dára. Ìrànrán ni èyí. Ìrànrán jẹ́ àìsàn tí ń da ọpọlọ rú nígbà tí nǹkan kan bá ń yọ ara lẹ́nu. Ẹni tí ó ń ṣe ìrànrán kò mọ ohun tí ó ń sọ. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá a lẹ́jọ́, a ti ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́. Ìyá yóò lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa ru ìtìjú náà kiri.

Kí ni ó ń fa ìrànrán? Ó lè jẹ́ ibà. Ó lè jẹ́ àìtó omi nínú ara. Ó lè jẹ́ pé aláìsàn kò lè tọ̀, tàbí pé kò ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Oògùn tí ó le, bíi mọfíìnì tàbí oògùn oorun, lè fà á pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní: «Àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú.» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrànrán jẹ́ àrùn. Ní ọdún 2000, àwọn dókítà ní ìlú Edmonton, ní Kánádà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn tí jẹjẹrẹ wọn ti le gan-an. Nínú ìgbà 94 tí ìrànrán mú wọn, ìgbà 46 ni ó kúrò. Jẹjẹrẹ kò lọ o, ṣùgbọ́n ọkàn wọn padà bọ̀ sípò. Wọ́n tún lè bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ èyí kò tó nǹkan?

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n? Ẹ wo nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí:
1. Ó dé lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbàgbé ogbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀: díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹn ń dé.
2. Aláìsàn kò lè fi ọkàn sí ohun tí a ń sọ.
3. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tẹ̀lé ara wọn.
4. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá, tàbí kí ó máa sùn ṣáá.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó dákẹ́. Ìrànrán kì í ṣe ariwo nìkan. Ẹni tí ó kọjú sí ògiri, tí kò dáhùn dáadáa, lè wà nínú rẹ̀, kí àwa máa sọ pé ó ń sinmi.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè ní kí aláìsàn ka oṣù ọdún padà sẹ́yìn láti December. Ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé lè má mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe ìrànrán. Ará ilé ni ó mọ bí ìyá ti máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí dókítà bi wá, kí àwa náà má sì dúró kí ó tó bi wá. Ẹ sọ fún un pé: «Ìyá wa kò rí bí ó ti rí ní ìjẹta.»

Níhìn-ín ni ìwé tí a ń kọ́ ti wúlò. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, báyìí:

Ọjọ́rú, agogo méjì òru: Ìyá kò mọ̀ mí.
Ọjọ́bọ̀, àárọ̀: Ó mọ̀ mí.
Kò ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjọ́ 4.
Wọ́n fi oògùn tuntun kún tirẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìlà mẹ́rin yìí lè ran dókítà lọ́wọ́ ju ẹkún lọ. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì fi òmíràn kún un. Ẹ má de aláìsàn mọ́lẹ̀, ẹ má bá a jiyàn. Kí ẹni tí ó mọ̀ dáadáa jókòó tì í. Kí ó pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kí iná díẹ̀ wà nínú yàrá ní alẹ́.

Bí ikú bá sì dé lẹ́yìn èyí, kí ó bá ìyá ní ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó má bá a ní ẹnu àwọn tí ń pè é ní àjẹ́.