Ẹ Jẹ́ Kí Ọjọ́ Kìíní Kúrú

Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere gba etí òkun láti Kútọnu dé Lomé, kó tó forí lé Accra, Ouidah ló yẹ kó sùn lọ́jọ́ kìíní. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: nǹkan bí 40 kìlómítà péré ni, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kan lójú ọ̀nà. Títẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀tàn. Ẹni tó gun òkè á rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò ti sinmi. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ ò dẹ́kun yíyí, ìdí ò sì kúrò lórí ìjókòó. Tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn á dìde láti ojú òkun, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kò sì ní í ti ẹni tó ń lọ sí Lomé lẹ́yìn. Ibi tí iyanrìn bá ti bo ọ̀nà, táyà á rì, oníkẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í. Bàtà tuntun, ṣebí inú ilé la ti ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, a kì í wọ̀ ọ́ lọ òde àríyá tí a ó ti jó mọ́jú. Ẹlòmíì á ní òun ti fi oṣù mẹ́ta ṣe ìdánrawò. Ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé ẹrù wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nígbà náà? Ọjọ́ kìíní ni ẹrù ń tú àṣírí okùn tí kò le àti wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ já, ó sì sàn kó tú u nígbà tí Kútọnu ṣì wà nítòsí ju kó di ìgbà tí a bá dé Grand-Popo níwájú lálẹ́.