Màmá, Wọn Ò Ta Yín Lẹ́sẹ̀

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù nígbà tí bọ́ọ̀sì wa tó ń ti Benin bọ̀ dúró ní Ọ̀rẹ̀ ká lè jẹun. Ìyá tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ kó wọ bàtà tó ti bọ́ láti ìgbà tí a ti gbéra, bàtà kò gba ẹsẹ̀ mọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn bí ẹ̀kọ tútù, kò sì tètè padà.

"Wọ́n ti ta mí nínú ọkọ̀ yìí," ló wí.

Ẹnikẹ́ni kò ta á. Omi ara rẹ̀ ló wọ́ jọ síbẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wa tó kéré jù tín-ín-rín débi pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan kọjá ni. Ara wọn ń jò bí asẹ́, omi tó ń jáde níbẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ fún ẹran ara. Purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè ló ń di omi mú kó má jò tán. Ó lè jẹ́ ara ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò rí ju ẹ̀kọ àti gààrì jẹ fi ń wú. Ernest Starling, ará England, ló ṣàlàyé bí purotéènì ṣe ń di omi mú ní 1896. Òun rò pé iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fa púpọ̀ nínú omi náà padà. Ìwádìí òde òní fi hàn pé iṣan mìíràn ló ń kó èyí tó pọ̀ jù: iṣan omi ara, tó ń gbé nǹkan bíi lítà 8 lóòjọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ó ní ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́ nínú tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, ó sì ń sún un gòkè títí yóò fi dà á sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́bàá ọrùn. Rírìn wa ló ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó jókòó gan-an fún wákàtí mẹ́rin, ìrànlọ́wọ́ yẹn ti dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin arìnrìn-àjò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó ti ọjà látàárọ̀, ẹ máa dìde. Ẹ má ra oògùn tó ń mú ni tọ̀ ní kẹ́mísì láìrí dókítà, ẹ má sì sín gbẹ́rẹ́ sẹ́sẹ̀ tó wú: ojú abẹ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná tó ń dunni, ẹ má fi òrí wọ́ ọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì, ilé ìwòsàn ló kàn. Aboyún tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá wú, tí orí ń fọ́ ọ, kò gbọdọ̀ dúró dilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará abà kòkó ní Odìgbó, ẹni tó ní jàbùtẹ̀ kò tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Aràn tí ẹ̀fọn gbé wá ló wọ iṣan omi ara, tó bà á jẹ́. Orílẹ̀-èdè Tógò bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí ní 2017, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe é nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, nítorí pé àwọn ará ìlú gba oògùn tí ìjọba wọn pín lọ́dọọdún nígbà náà. Bí àwọn tó ń pín in bá gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ìdúró èèyàn dé abà yín, ẹ má sá wọgbó. Ẹni tó ti ní in, kó máa fi ọṣẹ àti omi wẹ ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́, kó nu àárín ọmọ ìka gbẹ.

Awakọ̀ ti ń fun fèrè. "Màmá, ẹ jẹ́ ká rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníìpékeré yẹn ká padà." Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú, ṣùgbọ́n ó rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.