Ìwé Àṣẹ Kì í Ṣe Ìwé Ogún

Bí baálé ilé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, báǹkì kì í kàn kó owó rẹ̀ fún ẹbí. Ẹbí ní láti lọ sí ọ́fíìsì probate ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ tí a ń pè ní Letter of Administration. Ìwé yìí ló ń fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ láṣẹ láti gba owó olóògbé, láti san gbèsè rẹ̀, kí ó sì pín ìyókù fún àwọn tó ni ín.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: fún àwọn tó ni ín. Kí ẹni náà tó gba ìwé, ó ti búra pé òun yóò kọ gbogbo ohun ìní olóògbé sílẹ̀, àti pé òun yóò ṣírò owó nígbà tí ilé ẹjọ́ bá bèèrè. Bí àwọn ọmọ bá ṣì kéré, òfin Èkó kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ méjì.

Ṣùgbọ́n kí là ń rí láàárín wa? Àbúrò bàbá á gbàwé, owó á wọ àkáǹtì tirẹ̀. Kò ní pẹ́, ilé rẹ̀ á gba òrùlé, àwọn ọmọ olóògbé á sì jókòó sílé nítorí owó ilé ìwé. Bí opó bá bèèrè, á ní, “Ṣé olè lẹ fẹ́ pè mí ni?”

Èrò tèmi ni pé bíbéèrè ìṣirò kì í ṣe ìwọ̀sí. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kò dá owó àwọn aláìní gbé. Ó jẹ́ kí àwọn ìjọ yan ẹni tí yóò bá wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀ (2 Kọ́ríńtì 8:18-21). Ta wá ni àwa tí a ń bínú nítorí rìsíìtì?

Ẹ̀yin tí àṣẹ wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó ogún. Ẹ má yá a, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ má sì mú nínú rẹ̀ san ìdámẹ́wàá yín. Owó ọmọ òrukàn kì í ṣe ọrẹ yín. Ẹ kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀, kí ẹ sì máa kà á sétí ìyàwó olóògbé.

Ẹ̀yin opó, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ní kí orúkọ yín wà nínú ìwé náà kí wọ́n tó gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń jẹ owó ọmọ, ilé ẹjọ́ tó fún un láṣẹ lè gba àṣẹ náà padà. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ má fi “ẹ fi í sílẹ̀ f’Ọ́lọ́run” pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn ọmọ náà ń dàgbà, wọn yóò sì bèèrè. Kí Olúwa jẹ́ kí a rí ìwé ìṣirò fi hàn wọ́n lọ́jọ́ náà.