Fóònù Ṣáínà: Kí Tálákà Má Baà Rà Á Lẹ́ẹ̀mejì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó lápò wa. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Bí ìsìn bá ti parí ní Ìjàrẹ̀ níbí, kì í pẹ́ tí òbí kan yóò fi sún mọ́ wa pé: "Ẹ jọ̀ọ́, fóònù Ṣáínà wo ni kí n rà fún ọmọ mi, tí kò ní gbówó lórí, tí kò sì ní tètè bàjẹ́?" Àwọn mìíràn ti ra ọ̀kan, ó ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì tún ń wá owó òmíràn nígbà tí wọn kò tíì san gbèsè ti àkọ́kọ́ tán. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mú ohun kan kúrò lọ́nà. Kò sí ìtìjú nínú fóònù olówó pọ́ọ́kú. Àwọn tí ń fi ará wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé "ṣínkò" ló ń lò ti gbàgbé ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, síìmù nìkan tó N20,000, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ N7,500. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan tó N50. Olówó ló ń mú fóònù dání nígbà náà. Àwa yòókù ń tò sábẹ́ agbòrùn àwọn tí ń ta ìpè. Ìgbà tí Glo dé ní ọdún 2003, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá, ni ọkàn mẹ̀kúnnù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀. Ọwọ́ ti ń tó síìmù, ṣùgbọ́n fóònù tí a ó fi í sí ló kù.

Ibẹ̀ ni àwọn ará Ṣáínà ti bá wọlé. Ilé-iṣẹ́ Transsion tó wà ní ìlú Shenzhen, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zhu Zhaojiang dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ló ni Tecno, itel àti Infinix. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n wo bí a ṣe ń gbé ayé wa. Wọ́n rí i pé ẹnì kan ń kó síìmù méjì tàbí mẹ́ta káàkiri nítorí nẹ́tíwọ̀kì tí kò dúró sójú kan, wọ́n sì ṣe fóònù tí ń gba síìmù méjì. Wọ́n rí i pé iná kì í dúró, wọ́n sì ṣe bátìrì tí ń pẹ́. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í gbé àwọ̀ dúdú jáde bó ṣe rí, wọ́n sì tún tiwọn ṣe. Kì í ṣe àánú wa ló ṣe wọ́n. Èrè ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ka tálákà sí oníbàárà nígbà tí àwọn mìíràn kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí àrá pa màlúù 36 lórí òkè ní Ìjàrẹ̀ wa yìí. Orí fóònù ni àwòrán náà gbà tàn kálẹ̀, tí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi fi rí i. Ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó mọ sọ́wọ́ olówó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí ọjà kan bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti gé owó rẹ̀ kù. Ní nǹkan bí ọdún 2009, èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ra fóònù kan ní Àkúrẹ́. Ó ń gba síìmù méjì, ó ní tẹlifíṣọ̀n àti eriali, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ jọ ti ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Lẹ́tà kan péré ni wọ́n yí padà, n kò sì fara balẹ̀ wò ó. Kò pé oṣù mẹ́ta tí bátìrì rẹ̀ wú. Nígbà tí mo gbé e padà, ẹni tó tà á fún mi kò bá mi jà rárá. Ó kàn nawọ́ sí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo tún lọ wá owó, mo ra òmíràn. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, owó méjèèjì ì bá ti ra ọ̀kan tó dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Olówó lè ra nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì kó má mọ̀ ọ́n lára. Tálákà ni kò gbọdọ̀ rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lónìí, ọ̀rọ̀ náà le ju tìgbà náà lọ. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó N500 ní báńkì. Ní ọdún 2024 ó ti kọjá N1,500. Owó gbogbo ohun tí a ń kó wọlé sì gòkè tẹ̀ lé e. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ N70,000. Ẹni tó bá ra fóònù N100,000 ti kó ju owó iṣẹ́ oṣù kan lọ sílẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ti ọwọ́ wa jáde lórí ọ̀rọ̀ dídùn ẹnu ọlọ́jà nìkan. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé nǹkan márùn-ún yìí yẹ̀ wò.

Èkíní, kí ni a fẹ́ fi í ṣe? Bàbá tó fẹ́ máa béèrè iye tí wọ́n ń ra kòkó, tàbí ìyá tó ń fi kóòdù báńkì gba owó ọjà, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tó o, bátìrì rẹ̀ sì lè lo ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ tó fẹ́ fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí JAMB, fóònù kékeré yẹn náà lè ṣe é. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí WhatsApp ló nílò fóònù ńlá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú aládùúgbò bá yín ra fóònù.

Èkejì, kí ló wà nínú rẹ̀? Fóònù àtijọ́ lè pọ̀ lówó, kó má sì wúlò mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni WhatsApp ti pa àwọn fóònù tó ń lo Android 4.4 tì. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń ta fóònù tí wọ́n kọ 512GB sí lára ní owó yẹpẹrẹ. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ayédèrú iye sínú rẹ̀, tí fóònù náà fúnra rẹ̀ yóò máa purọ́ fún yín lójúkojú.

Ẹ̀kẹta, ta ni í ṣe? Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà olóókan 15 tí wọ́n ń pè ní IMEI yóò jáde. Onísíìmù méjì yóò mú méjì jáde. Ẹ fi wé èyí tí wọ́n kọ sára páálí. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ fà sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ ayédèrú, ó sì lè jẹ́ fóònù olè, tí yóò gbé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ̀kẹrin, níbo ni rìsíìtì wà? Kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́, iye owó àti IMEI wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú iye oṣù tí wáráǹtì fi wà àti ibi tí a ó gbé e lọ bí ó bá bàjẹ́. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn kì í ṣe òfin. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí a ń pè ní FCCPA, fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, ó sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti dá èyí tó lábùkù padà. Àjọ FCCPC, tó ń mú òfin náà ṣẹ, ti sọ ọ́ pé irú ìwé ara ògiri bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Kò tíì sí òfin yìí nígbà tèmi. Ó ti wà báyìí. Ẹ lò ó.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá jẹ́ àwìn, èló ni gbogbo rẹ̀? Ká ní fóònù jẹ́ N100,000, wọ́n ní kí ẹ san N30,000 lónìí, kí ẹ sì máa san N15,000 fún oṣù mẹ́jọ. Ó rọrùn létí, ṣùgbọ́n N150,000 ni. Ẹ tún mọ̀ pé ọ̀pọ̀ fóònù àwìn ni ẹni tó tà á lè tì pa láti òkèèrè ní ọjọ́ tí owó bá pẹ́. Bí ó bá tì í ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ọmọ yín ńkọ́?

Rírà nìkan kọ́ ni, lílò náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Upstream fi hàn pé wọ́n rí ètò burúkú lórí ọ̀pọ̀ fóònù Tecno W2 ní Gánà, Kamẹrúùnù, Íjíbítì, Etiópíà àti Gúúsù Áfíríkà. Ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn tó rà á tó ṣí páálí, ó sì ń forúkọ wọn sílẹ̀ fún ohun tí wọn kò béèrè, tí owó ìpè àti dátà wọn ń lọ. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹlòmíràn tó bá àwọn ṣiṣẹ́ ló fi í síbẹ̀, àti pé àwọn ti fi àtúnṣe ránṣẹ́. A kò sọ èyí láti bà yín lẹ́rù. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé nígbà tí owó bá ń pòórá lórí síìmù yín, kì í ṣe àjẹ́ ni. Ẹ gba àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ fóònù bá fi ránṣẹ́. Ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dá àwọn ìpolówó tí ẹ kò fẹ́ dúró. Bí ẹ bá fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ síìmù yín tí wọn kò dá yín lóhùn, ẹ pe NCC sórí 622.

Ẹ sì ṣọ́ra fún áàpù tí ń yá ènìyàn lówó. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù, tí wọ́n á wá máa fi ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè ṣe ẹlẹ́yà lójú àna, pásítọ̀ àti ọ̀gá rẹ̀. Ìwà yìí ló mú kí FCCPC gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022, pé kí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Kí áàpù kan tó ní kí ẹ jẹ́ kí òun wo nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó kù di ti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ta fóònù, tí ẹ sì ń tún un ṣe, ní Ìjàrẹ̀, ní Ìgbàrà-Òkè àti ní Àkúrẹ́. Ẹ mọ ohun tí ìwé Òwe sọ nípa òṣùwọ̀n èké. Fóònù tí a ti lò, tí a wá dì sínú páálí tuntun, òṣùwọ̀n èké ni. Bátìrì tútù tí a yọ, tí a fi àtijọ́ dípò, òṣùwọ̀n èké ni. Ìdámẹ́wàá irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ọ́ di mímọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ojú yín là sí ọ̀rọ̀ fóònù, iṣẹ́ kan wà fún yín. Nígbà tí ìyá kan nínú ìjọ bá ti kó owó jọ, tó sì ń múra àtilọ sí Àkúrẹ́ láti ra fóònù, kí ọ̀kan nínú yín bá a lọ. Ẹ bá a tẹ *#06#. Ẹ bá a ka rìsíìtì. Owó tí ìyá náà fi oṣù mẹ́fà kó jọ nídìí gàrí wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìdì aṣọ. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ.

Olúwa kò ní jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ o. Àmín.

Olóòtú