Ìsinmi Abiyamọ Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Abiyamọ Nìkan

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń wọ abiyamọ lọ́rùn ní etíkun Àgbádárìgì, kí ó dé etí ọ̀sà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà Àgbálátà. Yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti ọ̀nà Gbẹ̀rẹ̀fú, ọmọ ní ẹ̀yìn, agbọ̀n ẹja yíyan ní orí, ọmọ kejì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn dì mọ́ wọn ní ìró. Ẹja náà kò yan ara rẹ̀. Láti òru ni wọ́n ti wà nídìí ààrò, tí èéfín igi àti èèpo àgbọn ń wọ ìyá lójú, tí ó sì ń wọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nímú. Bí ọjà bá tú, wọn yóò padà sílé lọ gbé oúnjẹ alẹ́ kaná. Bí ọmọ bá sì ké ní òru, kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tí yóò dìde.

Ní ayé òde òní, a máa ń gbọ́ lórí rédíò pé kí àwọn ìyá máa tọ́jú ara wọn: kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n máa sùn nígbà tí ọmọ bá sùn. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sùn tí ìyá náà sì sùn, ta ni yóò yí ẹja orí ààrò padà? Ta ni yóò pọn omi? Iṣẹ́ ilé kì í sùn. Bí ẹnìkan bá gbé e sílẹ̀, àfi kí ẹlòmíràn gbé e. Ẹni tí ó bá sọ fún abiyamọ pé kí ó lọ sinmi, tí kò sì na ọwọ́ gba nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó sọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò kó ẹrù wá láti wá wẹ ọmọ. Kì í ṣe ọmọ nìkan ni ó ń tọ́jú: yóò gbé omi gbígbóná kaná fún ìyá ọmọ, yóò se ọbẹ̀ fún un, yóò gba ìkókó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè rí oorun sùn. (N kò sọ pé gbogbo ìṣe àwọn ìyá àgbà ni ó dára o. Rírọ ọmọ ní omi àti àgbo, ó yẹ kí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọmú ìyá nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.) Lónìí, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ wà lọ́jà, tọkọtaya sì ń gbé yàrá kan níbi tí wọn kò ti ní ìbátan. Ní ọjọ́ kẹjọ ilé kún fún èrò, ní ọjọ́ kẹsàn-án ilé ti ṣófo.

Òfin kò gbàgbé abiyamọ pátápátá. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí fún obìnrin tí ó ń gba owó oṣù ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12. Ní ọdún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yan ẹja tàbí tí ó ń fún òróró àgbọn, ọ̀dọ̀ ta ni yóò kọ ìwé ìsinmi sí? Ilé rẹ̀ nìkan ni ó lè fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo Súnà. Ìròyìn tí ó fìdí múlẹ̀ wà pé Ànábì Mùhámmádù (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) a máa gé ìrun kúrú nígbà tí ó bá gbọ́ igbe ọmọdé, nítorí ó mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ìyá ọmọ náà. Ìrun ni o, kì í ṣe àsè! Obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́. Òun tí ó wà níwájú ni ó mú nǹkan rọrùn fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Bákan náà ni ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún abiyamọ tí ó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀ kí ó má gba ààwẹ̀. Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí bóyá yóò san án padà tàbí yóò bọ́ tálákà, ṣùgbọ́n wọn kò jiyàn lórí ìyọ̀ǹda náà.

Níbí ni mo ti ní láti jẹ́wọ́. Ní Rámádánì ọdún tí a bí ọmọ wa kẹta, ọmọ náà kò tí ì pé oṣù mẹ́rin. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má gba ààwẹ̀, mo sì rò pé mo ti ṣe ojúṣe ọkọ tí ó mọ ẹ̀sìn. Síbẹ̀, ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, òun ni ó ń dìde se sàárì tí èmi yóò jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, òun ni ó ń din àkàrà tí a ó fi ṣínu. Ọlọ́hun sọ ẹrù ààwẹ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, èmi sì gbé ẹrù sàárì rù ú. Ní òru ọjọ́ kan, oorun gbé e lọ nídìí iná, ọmọ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Òórùn ìrẹsì tí ó jóná ni ó jí wa. Bí ó bá ṣubú síwájú ńkọ́?

Ewu mìíràn wà tí kì í rùn bí ohun tí ó jóná. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà sókè, nǹkan bí 20 nínú 100 obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni àìsàn ọkàn ń bá fínra, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì. Kì í ṣe abísínwín ni mo ń sọ, nítorí èyíinì kì í fara pamọ́. Ẹni tí mo ń sọ ń dáná, ó ń tajà, ó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Ṣùgbọ́n kò rí oorun sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, oúnjẹ kò wù ú, ó sì ń rò ó pé ilé yóò sàn bí òun kò bá sí níbẹ̀. Kí a má ṣe sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò lágbára. Kí a ṣe àdúà fún un, kí a sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn, kí ọkọ rẹ̀ bá a gbé ọmọ dání lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ fún ìsọmọlórúkọ ti pọ̀ jù lójú tèmi. Bí obìnrin méjì méjì bá ń pín ọjọ́ láàrin ara wọn fún 40 ọjọ́, tí àwọn kan se ọbẹ̀ wá, tí àwọn kan gba ọmọ fún wákàtí méjì, èyí yóò ṣe ìyá ọmọ ní àǹfààní ju aṣọ lọ. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń lọ sójú òkun, ẹ fi owó sílẹ̀ fún ẹni tí yóò bá a pọn omi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ fọ aṣọ ìkókó. Mo mọ̀ pé àwọn aládùúgbò yóò ní wọ́n ti fi oògùn mú yín. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá oògùn ni ó mú Ànábì tí Àíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) fi ròyìn pé a máa ṣe iṣẹ́ ilé fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Láti òru ìrẹsì jíjóná yẹn ni èmi ti ń se sàárì nílé wa. Àmàlà mi a máa ní kókó nínú, àwọn ọmọ a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́, ìyá wọn sì ń sùn títí di ìgbà tí ladání bá ké ìpè àsùbá.