Ta Ni Yóò Ta Fún Ẹ̀yà Kejì?

Ọ̀rọ̀ eré la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Eré náà lẹ́jẹ̀ nínú.

Eré ogun orí tábìlì ni. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. H. G. Wells, òǹkọ̀wé tí àwọn tó ń ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin wa mọ̀ dáadáa, ti kọ òfin irú eré bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tó pè ní Little Wars ní 1913. Lóde òní, ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi òjé tàbí ike ṣe ni wọ́n ń tò. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn ìrìn wọn, dáìsì bíi ti lúdò ló sì ń sọ ẹni tó ṣubú. Ní 1973, Donald Featherstone kọ odidi ìwé fún ẹni tí kò rí ẹni bá a ṣe é. Ìyẹn ló kàn wá, nítorí nínú yàrá tiwa, oníkálukú ti dorí kọ fóònù rẹ̀.

Èyí tó wù wá jù ni ti ìgbà láéláé, tí irin kò tíì dé, tó jẹ́ òkúta ni ọmọ aráyé ń gbẹ́ sẹ́nu ọfà. Eré kan wà tó ń jẹ́ Palaeo Diet tí èèyàn lè dá ṣe. Ìwọ ni ọdẹ, ẹranko ni alátakò. Kò sí ẹni tí ẹranko náà nílò láti ta fún un: òfin àti dáìsì ló ń sọ bóyá èyí tó ń jẹko yóò sá, tàbí bóyá èyí tó ń jẹran yóò fò mọ́ ọ. Ó dùn gan-an. Àwa ò ní ọmọ ogun òjé, nítorí náà ọmọ ayò la fi ṣe ọdẹ, ìdérí ìgò mínírà la fi ṣe ẹranko. Ẹ má sì bá wa wá erin onírun àti yìnyín. Ihò Eléérú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó la fi ṣe pápá, níbi tí wọ́n ti hú egungun ẹnìkan jáde ní 1965, ẹni tó ti lò ju 11,000 ọdún lọ nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. (A ò sọ pé wọ́n jà níbẹ̀ o. Àwa la gbé ìjà lọ.)

Wàhálà dé nígbà tí a fẹ́ sọ ọ́ di ìjà ẹ̀yà méjì. Ta ni yóò ta fún ẹ̀yà kejì? Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń bá ọwọ́ òsì ta ayò, ṣebí a ti mọ ọwọ́ tí yóò jẹ. Ọ̀nà tó yá jù ni kí a bọ́ òfin ẹranko, kí a gbé e wọ àwọn ènìyàn náà: bí wọ́n bá ti rí wa, kí wọ́n máa fò mọ́ wa títí a ó fi pa wọ́n tán. Àwọn kan nínú yàrá wa ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, eré ṣáà ni. Àwa kò gbà.

Jọ́ọ̀sì la ti dàgbà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ní 2008 àti 2010, bó ti wù kó kéré tó, mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìjà ẹ̀yà. Kí a tó rí èéfín, orúkọ la kọ́kọ́ gbọ́: ejò ni àwọn tọ̀hún, ajá ni wọ́n, kòkòrò ni wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la ti ń gbọ́ ọ, torí Yorùbá tó ń gbé àárín wọn kò ní ògiri tirẹ̀ tí yóò sá sí lẹ́yìn. Ìyá tí gbogbo àdúgbò ń ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá di ẹranko lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wa dé orí tábìlì.

Àwọn awalẹ̀pìtàn pàápàá kò gbè sẹ́yìn òfin ẹranko. Ní Jebel Sahaba, ní àríwá Sudan, wọ́n hú egungun ènìyàn 61 jáde láàrin àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìsédò Aswan. Àwọn òkú náà ti lo 13,400 ọdún, ó kéré tán. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ogun kan ṣoṣo ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n tún egungun wọn yẹ̀ wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2021: wọ́n rí ọgbẹ́ lára 41, ọmọdé wà nínú wọn, 16 sì ní ọgbẹ́ tó ti jinná pẹ̀lú èyí tí kò jinná. Ẹ rò ó wò ná. Ọfà ba ẹnìkan, ó sá délé, wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ó fi san, lọ́jọ́ mìíràn ọfà tún bà á. Ìkọlù kéékèèké ni, léraléra. Ojú ọjọ́ tó ń yí padà, tó sì ń sọ ohun jíjẹ di ọ̀wọ́n, ni àwọn onímọ̀ fura sí.

Òfin tiwa wá rọrùn. Kí a tó ju dáìsì fún ẹ̀yà kejì, a ó kọ́kọ́ pinnu ohun tí wọ́n wá: ṣé omi ni, ṣé ẹran tí a pa ni, àbí ẹni wọn tó ṣubú lọ́jọ́sí? Bí wọ́n bá ti rí i gbà, ilé yá. Bí ẹnìkan wọn bá ṣubú, a ju dáìsì: 1 sí 3, wọ́n gbé e, wọ́n sì sá, 4 tàbí 5, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń sọ òkò, 6 nìkan ni wọ́n fi ń wọlé tọ̀ wá. Òfin náà de àwọn tiwa pẹ̀lú. Ó lè wù wá kí a jà, kó má wu ọmọ ayò wa. Lẹ́yìn ìjà, dáìsì tún ń sọ ẹni tó kú, ẹni tó san, àti ẹni tí yóò máa tiro wá sí ìjà tó kàn. Gbogbo rẹ̀ la ń kọ sínú ìwé kékeré kan.

Nínú ìjà kẹrin, ẹ̀yà kejì pọn omi wọn, wọ́n lọ, ẹyọ ẹnìkan ò ṣubú. Ọ̀rẹ́ wa kan pòṣé, ó ní eré wo nìyẹn. Lójú tiwa, òun ló dùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ẹni wa kan ti ń tiro láti ìjà kejì, àyà wa sì ń já títí wọ́n fi yí ẹ̀yìn padà. Ìwé kékeré náà wà nínú yàrá wa. Ẹni tó bá fẹ́ wá ta fún ẹ̀yà kejì, kó máa bọ̀. Ọmọ ayò pọ̀ nílẹ̀.